Kí ló dé tí oúnjẹ ibi ìgbafẹ́ fi wọ́n, tí kò sì tún dùn?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo kó ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ sí ibi ìgbafẹ́ kan létí òkun lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Owó ìwọlé kò dùn wá, a ti múra sílẹ̀ fún un. Àmọ́ gẹ́ètì ni wọ́n ti ní ká gbé kúlà oúnjẹ wa padà sínú mọ́tò. Nígbà tí ebi pa àwọn ọmọ, a ra ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ. 12,000 náírà ni wọ́n kọ sínú mẹ́nù. Nígbà tí risíìtì dé, àwo kan ti di 14,700. A dúró ju wákàtí kan lọ kí oúnjẹ tó dé, ìrẹsì ti tutù, adìyẹ sì gbẹ. Ibẹ̀ náà la lọ ní 2021. 3,500 la ra àwo kan nígbà náà, ó sì dùn. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni, mà? Ṣé kí n má kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́?”

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìfaradà. Kò sí ohun tó ń dun bàbá bíi kó náwó nítorí inú dídùn ọmọ, kí ọmọ náà wá jókòó ti àwo oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ. Inú ilé ìdáná àwọn ilé ìtura àti ibi ìgbafẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù láyé mi, láti ìdí abọ́ fífọ̀ títí mo fi di ẹni tó ń ṣírò iye tí wọn yóò ta oúnjẹ, nítorí náà màá sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín láì fi bò. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè yín, orísun wọn kò sì pa pọ̀: owó tó gòkè, oúnjẹ tí kò dára, àti kúlà tí wọ́n dá padà. Bí a bá dì wọ́n pọ̀ mọ́ra, a ó kàn máa bínú ni, a ò ní mọ ibi tí a ti lè gba ara wa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà, pé oúnjẹ tó bá ti wọ́n gbọ́dọ̀ dùn. Láàárín ìlú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí ìyá olóúnjẹ kan ní Dùgbẹ̀ bá gba owó ńlá lórí ọbẹ̀ tí kò dùn, ẹ ó sọdá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Létí òkun, kò sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti wọ gẹ́ètì, tí oòrùn mú, tí ọmọ ń sunkún ebi, kò sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ mọ́. Owó tó wà nínú mẹ́nù ibẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bí alásè ṣe mọ iṣẹ́ tó. Iye tí ilé náà ń wá kó má bàa wó, àti iye tí wọ́n rò pé ẹ lè fara mọ́, ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ wo 12,000 yẹn dáadáa. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń fẹ́ kí owó èròjà, ìyẹn ìrẹsì, tòmátì, ata, òróró àti adìyẹ, má fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí a ó ta àwo náà. Bí a bá ta á ní 12,000, bíi 4,000 ló ti lọ sọ́jà. Ẹ má tíì sọ pé èrè ni 8,000 tó kù, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó alásè, wẹ́tà, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹni tó ń gbá etí òkun láàárọ̀. Inú rẹ̀ ni gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì, omi, owó ilẹ̀ àti èlé báńkì wà. Àtúnṣe tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn àlejò kì í sábà rò. Afẹ́fẹ́ òkun kún fún iyọ̀, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ irin. Fìríìsà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Bódìjà lè dẹnu kọlẹ̀ kíákíá létí omi, tí ẹ óò sì máa pe mẹkáníìkì lemọ́lemọ́.

Ní báyìí, ẹ fi 2021 tí ẹ sọ wé ìsinsìnyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, lítà kan tí kò tó 200 náírà sì ti lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní àárín oṣù kẹfà, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 náírà ti kọjá 1,500 nígbà tí oṣù kejì 2024 fi parí. Dọ́là la fi ń ra ẹ̀rọ ìdáná, ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀, ọ̀dùnkún dídì àti ọ̀pọ̀ ọtí tó wà nínú mẹ́nù. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 lórí yúnìtì kan. Ní oṣù kẹfà, NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà láti 30,000, òṣìṣẹ́ tó ń wọkọ̀ láti Ajah tàbí Ẹ̀pẹ́ sì ti ń ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí ọkọ̀ kó tó jẹun. Àwo yín lọ láti 3,500 sí 12,000, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Dọ́là náà ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín àkókò kan náà. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé olè ni owó yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn wọn pátápátá, torí pé ata, tòmátì àti adìyẹ tí wọ́n sìn nílé kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé dọ́là gòkè, àwọn onílé ìtura kan sì wà tí wọ́n fi dọ́là bojú láti gba ohun tí wọn ò ná.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ẹni tó bá lọ lọ́jọ́ ọdún, òun ni ọjọ́ tí ibẹ̀ dá páropáro. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ ni kì í rí àlejò tó kún tábìlì mélòó kan. Síbẹ̀ fìríìsà gbọ́dọ̀ tutù, ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ dúró, alásè gbọ́dọ̀ wá. Bí ìyá alágbàdo tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ló ń tà, èrè ọjọ́ kan náà ni wọn yóò fi jẹun títí ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ní Àjíǹde, ẹ ti bá wọn san díẹ̀ nínú owó dísẹ́ẹ̀lì ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ní etíkun Ilashe àti Tarkwa Bay l'Ékòó, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé nǹkan dé ibẹ̀, àtorí yìnyín dórí gáàsì.

Ọ̀rọ̀ kúlà wá ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé nítorí ìmọ́tótó ni, pé bí inú bá run àlejò nítorí oúnjẹ tó gbé wá láti ilé, àwọn ni wọn yóò dá lẹ́bi, pé àwọn èèyàn máa ń fi ìdọ̀tí àti ìgò sílẹ̀ lórí iyanrìn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, mo ti rí etí òkun lẹ́yìn Iléyá rí. Àmọ́ òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni pé oúnjẹ àti ohun mímu ni wọ́n ti ń rówó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí owó ìwọlé rọrùn kí ẹ lè wá, kí wọ́n lè gbà á padà nídìí àwo. Ẹ̀yin náà sọ pé owó ìwọlé kò dùn yín. Ìdí tí kò fi dùn yín nìyẹn. Ẹ wo ọgbà ìgbafẹ́ ńlá Walt Disney World ní Florida, Amẹ́ríkà. Ní 1971 tí wọ́n ṣí i, 3.50 dọ́là ni àgbàlagbà fi ń wọlé. Lónìí, ní àwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù, ó ti kọjá 180 dọ́là. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń ráhùn sí i. Síbẹ̀ wọ́n gba àlejò láàyè láti gbé oúnjẹ àti omi tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ọtí àti ìgò onígíláàsì nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń bu omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá béèrè níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá. Gẹ́ètì ni wọ́n ti gba owó tiwọn. Bí tiwa náà bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìwọlé yóò gòkè, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì ní lè dé ibẹ̀ rárá. Nítorí náà mi ò dá òfin kúlà lẹ́bi látòkè délẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbè lẹ́yìn láé ni kí wọ́n gba omi mímu àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ. Mo ti bá àwọn ọ̀gá mi jiyàn lórí èyí, èrò mi kò sì tíì yí padà.

Ní ti owó tí wọ́n fi lé e nínú risíìtì, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà ní fọ́nrán-fọ́nrán, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti 12,000 dé 14,700, 2,700 ni wọ́n fi lé e. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ti ìjọba àpapọ̀ láti oṣù kejì 2020, 900 náírà nìyẹn. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2009 fi ìdá márùn-ún lé ohun tí a bá jẹ nílé ìtura àti ilé oúnjẹ, 600 náírà. 1,200 tó kù ni ìdá mẹ́wàá tí ilé náà fi kún un fúnra rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ ní service charge. Ìyẹn kì í ṣe owó ìjọba o. Ó tọ́ kí ẹ béèrè bóyá ọwọ́ àwọn wẹ́tà ló ń lọ. Bí ẹ bá sì ti san án, kò sí dandan kí ẹ tún fún wẹ́tà ní owó ọ̀tọ̀ àfi bí inú yín bá dùn sí i. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ fi dandan gba iye tó ju èyí tó kọ síta lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mẹ́nù fi máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà tíntín pé owó orí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ yẹn kí ẹ tó pe oúnjẹ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, tí wọ́n wá fi 2,700 lé e, ẹnu yín gbà á láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ìrẹsì tó tutù àti adìyẹ tó gbẹ. Èyí ló ká mi lára jù, torí ìwọ̀nba owó kékeré la fi lè tún un ṣe. Ilé ìdáná tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́rin èèyàn kò lè bọ́ ẹgbẹ̀ta lọ́sàn-án kan ṣoṣo, iná orí ààrò mẹ́fà náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á se ìrẹsì ní ìdájí, wọ́n á kó o sínú kúlà ńlá. Wọ́n á bọ adìyẹ lálẹ́ àná, wọ́n á dín in láàárọ̀, nígbà tí ẹ bá wá pè é, wọ́n á tún jù ú sínú òróró kó lè gbóná. Ìgbà mẹ́ta ni iná ti fa omi ara ẹran náà. Kò sí bí kò ṣe ní gbẹ. Ìrẹsì náà, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣí kúlà rẹ̀, ooru ń lọ. Wákàtí kan tí ẹ fi dúró, kì í ṣe pé wọ́n ń se nǹkan kan fún yín, orí ìlà ni ìwé tí wẹ́tà kọ wà.

Ọ̀rọ̀ adùn nìkan kọ́ nìyẹn o, ọ̀gá mi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà wá níyànjú pé oúnjẹ tí a sè, tí a fẹ́ jẹ ní gbígbóná, gbọ́dọ̀ wà lókè ìwọ̀n ooru 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a má sì fi sílẹ̀ níta ju wákàtí méjì lọ. Kòkòrò kan wà tó máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò jí, yóò pọ̀ sí i, yóò tu májèlé sínú rẹ̀, májèlé náà kì í sì í kú bí a bá gbé e padà síná. Nítorí náà, bí ìrẹsì bá wá ní tútù lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ẹ má ní kí wọ́n lọ gbé e gbóná. Ẹ dá a padà, pàápàá bí ọmọ kékeré ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Báwo ni ibi tó dùn ní 2021 ṣe wá di báyìí? Ọ̀wọ́n náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ba adùn jẹ́. Bí nǹkan bá gbówó lórí, onílé ìtura máa ń bẹ̀rù àtifi gbogbo rẹ̀ lé owó àwo, kí àlejò má bàa sá. Yóò fi díẹ̀ lé e, yóò sì wá èyí tó kù nínú abọ́. Adìyẹ tí à ń gé sí mẹ́rin yóò di mẹ́jọ. Òróró tó yẹ ká dà nù lónìí yóò tún dín ẹran lọ́la. Tòmátì tútù yóò dín kù, ti inú agolo àti mágí yóò pọ̀ sí i. Alásè tó mọṣẹ́ yóò rí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ, tàbí kó jápa lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí wọ́n pè lówùúrọ̀ ọjọ́ ọdún ni yóò wá dúró nídìí ìkòkò, láìmọ ibi tí ṣíbí wà. Àlejò tó ń wá láàárín ọ̀sẹ̀ yóò dín kù, ohun tó wà nínú fìríìsà yóò sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá wá rí mẹ́nù tó kún ojú ìwé mẹ́fà, tó ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ní pizza, ní oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹ mọ̀ pé fìríìsà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀. Ibi tí mẹ́nù rẹ̀ kúrú ni mo máa ń fọkàn tán.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ, ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún. Ìsinmi ilé ìwé àwọn ọmọ máa ń fún yín láǹfààní láti lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ alásè máa ń dilẹ̀ nígbà náà, àwọn ibòmíràn sì máa ń gba owó tó dín. Ewu tó wà ńbẹ̀ ni ohun tó ti pẹ́ nínú fìríìsà, nítorí náà ẹ pe ohun tí wọ́n ní láti sè lójú yín: ẹja àrọ̀ tí wọ́n mú láàyè látinú táńkì, súyà orí iná, ẹyin díndín, dòdò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀ ni, ẹ jẹun kí aago méjìlá tó lù, kí ìrẹsì ìdájí tó ṣá. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago ṣáájú, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gba kúlà. Àwọn kan máa ń gbà á bí ẹ bá san owó díẹ̀ lé e, bí owó yẹn kò bá sì tó ti àwo méjì, ẹ san án, ẹ gbé oúnjẹ ìyàwó yín lọ. Àwọn tó ń da owó yàrá, oúnjẹ àti ìwọlé pọ̀ sójú kan ńkọ́? Ó dára fún ẹni tó bá máa sùn mọ́jú. Fún ẹni tó lọ fún ọ̀sán kan, mi ò rí i pé ó tó owó rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja yíyan àti bọ̀ọ̀lì lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé gẹ́ètì tún wà. Mo máa ń jẹ tiwọn, torí ojú mi ni wọ́n ti ń yan án, iná sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí nǹkan kò bá dára, ẹ sọ ọ́ nígbà tí àwo ṣì kún. Ẹ pe alábòójútó, ẹ fi hàn án, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: òmíràn ni, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú risíìtì. Wẹ́tà kò lágbára lórí owó, ẹ má fi ìbínú yín pa á. Mo ti jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń yanjú irú ẹjọ́ báyìí, ẹni tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó jẹ ẹ́ la sábà máa ń dá lóhùn. Ẹ tọ́jú risíìtì yín, òun ni FCCPC yóò kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ mi kò dé. Mi ò sí nílé ìdáná yẹn lọ́jọ́ tí ẹ lọ, nítorí náà mi ò lè búra pé wọn ò rẹ́ yín jẹ, tàbí pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn yín balẹ̀ pé owó àwo máa padà sí 3,500. Bí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé ìdá ọ̀wọ́n ọjà ti lọ sílẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan ṣì ń gbówó lórí, eré rẹ̀ ló dín kù. Onílé ìtura tó ti kọ 12,000 sínú mẹ́nù kì í pa á rẹ́ àfi bí tábìlì bá ń ṣófo ní ọjọ́ Àìkú.

Ní ti pé kí ẹ má kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́, èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé a lè gbé omi àti oúnjẹ ọmọ wọlé, ṣé owó orí wà nínú iye tó wà nínú mẹ́nù, kí ni ẹ máa ń sè lójú àlejò. Bí ẹni tó gbé fóònù kò bá lè dáhùn ìkẹta, ẹ wá ibòmíràn.